Effie Gillies Mú Baron Jáde

Ní Glen Orrin, bí akọ ẹṣin bá wọ àgbàlá ilé kan, obìnrin ilé náà á wọlé, á sì fa kọ́tìnì. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ìgbà tí àwọn bàbá wọn ti wọkọ̀ ojú omi láti Scotland wá sí Kánádà, tí wọ́n gé igbó, tí wọ́n kọ́ ilé, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó ti bí ọmọ mọ́kànlá á sáré wọlé bí ẹni tí òjò ń lé, á fa kọ́tìnì, á gbé àgbá bọ́tà sáàárín ẹsẹ̀, á sì máa pò ó kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ariwo tó ń bọ̀ láti ìta. Bí bọ́tà bá ti dì, tí ọ̀rọ̀ ìta kò sì tíì tán, á mú Sáàmù bọnu. Tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, tí ọmọ ẹṣin bá balẹ̀ sínú abà, obìnrin yìí kan náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run fún wa!" bí ẹni pé inú koríko gbígbẹ ni wọ́n ti ṣa ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ Effie Gillies le ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí akọ ẹṣin ni ọkọ rẹ̀ fi ń jẹun. Lachlan Gillies ló ni Baron, ẹṣin pupa rẹ́súrẹ́sú tó ga débi pé èèyàn ní láti na ọwọ́ kó tó kan etí rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun, tí irun sì bo pátákò rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́, Lachlan á fa Baron láti oko dé oko, kí àwọn àgbẹ̀ lè mú abo ẹṣin wọn wá pàdé rẹ̀. Effie ló ń fi ọṣẹ fọ irun ẹsẹ̀ Baron. Effie ló ń di irun ọrùn rẹ̀, tó ń fi ríbọ́ǹnù pupa hun ún. Ọjọ́ tí wọ́n bí Baron ni ìyá rẹ̀ kú, Effie ló sì fi ìgò àti wàrà màlúù tọ́ ọ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kíṣìnnì. Síbẹ̀, bí àlejò bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Lachlan ń rìnrìn àjò."

Káàdì ni wọ́n fi ń polówó akọ ẹṣin nígbà náà. Wọ́n á ya àwòrán ẹṣin sí i, wọ́n á kọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n á sì kọ ibi tí yóò wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n á wá kàn án mọ́ ara ilé tí wọ́n ti ń lọ ọkà àti ilé alágbẹ̀dẹ. Àwọn ọkùnrin á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á máa jiyàn. Àwọn obìnrin á kọjá níbẹ̀, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

Ẹlòmíràn tó tún ní akọ ẹṣin ní Glen Orrin ni Hector Rennie, Sultan ni orúkọ ẹṣin tirẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Lachlan kan káàdì Baron mọ́ ara ilé alágbẹ̀dẹ. Ní ọjọ́ kejì, Rennie kan ti Sultan sí òkè rẹ̀. Lachlan yọ tirẹ̀, ó tún un kàn sí òkè ti Rennie. Rennie gbé àga wá. Lachlan gbé àkàbà wá. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé abẹ́ òrùlé, alágbẹ̀dẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Lachlan lu ìṣó tó kẹ́yìn, ó yíjú padà láti wò ó bóyá Rennie ń bínú, ló bá já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Káàdì náà ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ẹyẹ nìkan ti lè kà á.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, Rennie wá kí i. Ó gbé ìgò jáàmù kan dání tí Christina ìyàwó rẹ̀ ní kó mú wá. Effie wà ní kíṣìnnì, ó ń bó ọ̀dùnkún, ilẹ̀kùn yàrá sì ṣí sílẹ̀.

"Lachlan, pẹ̀lẹ́ o. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí dókítà dì í mọ́."

"Ta ló máa wá fa Baron jáde ní Mọ́ńdè?"

"Mo ń rò ó."

"Kí lò ń rò? Gbogbo ọkùnrin ló ń túlẹ̀. Abo ẹṣin ò sì ní dúró de ẹsẹ̀ ẹ kó tó jiná. Sultan ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Kí ni Baron á wá máa ṣe títí òtútù á fi dé? Kó kàn máa jẹ óòtì?"

Lachlan ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì.

"Gbọ́, mi ò fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Bí Baron bá jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó ṣiṣẹ́, tí ẹnì kan ṣoṣo sì lè kò mí lójú pé òun rí i, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó rí i, màá wá mú un ní Sátidé, màá sì ra á ní iye tó yẹ. Àbí kí lo wí?"

Effie dá ọ̀bẹ dúró lórí ọ̀dùnkún. Ó ń dúró kí Lachlan fi èébú lé Rennie jáde.

"Ó dáa," ni Lachlan wí. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ní Glen Orrin, bí ọkùnrin bá ti bọ ọkùnrin lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè tú u.

Bí Rennie ṣe jáde ni Effie wọlé, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti fa Baron lé Hector Rennie lọ́wọ́?"

"Kí ni kí n ṣe, Effie? Kí n máa fi ẹsẹ̀ kan fò láti oko dé oko?"

"Èmi á fà á jáde."

Lachlan rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi dùn ún. "Ìwọ?"

"Ta ló fi ìgò tọ́ ọ? Ṣé ìwọ ni? Bó bá gbóhùn mi, ṣebí ńṣe ló máa ń tẹ orí ba bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹṣin kọ́ ni mò ń sọ. Èèyàn ni. Wo Dugald McQuarrie, alàgbà ìjọ. O fẹ́ kí òun àti ìwọ jọ dúró nínú àgbàlá, kí Baron wá... kí abo ẹṣin Dugald wá..." Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, wọn ò tíì sọ gbólóhùn yẹn dópin rí. "Ṣé o rí i? Èmi ọkọ ẹ gan-an ò lè sọ ọ́."

"Má sọ ọ́ nígbà náà. Gbé àwọn káàdì yẹn fún mi."

Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, Effie wọ kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ sí, nítorí ó rò ó pé bí ohun tí òun fẹ́ ṣe bá máa tini lójú, ó yẹ kí aṣọ tó wà lọ́rùn òun mọ́. Ó kó súìtì míńtì sápò fún Baron. Àwọn méjèèjì jáde lẹ́nu géètì, ẹṣin gíga àti obìnrin kúkúrú, ríbọ́ǹnù ń fẹ́ nínú atẹ́gùn. Lachlan dojú kọ fèrèsé, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo òkú tí wọ́n ń gbé lọ.

Oko Dugald McQuarrie ló kọ́kọ́ dé. Kí pátákò Baron tó kan òkúta àgbàlá, kọ́tìnì ti bọ́ sílẹ̀, ti òkè, ti ìsàlẹ̀. Dugald jáde láti inú abà, ó fa Bess abo ẹṣin dání, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Lachlan, ṣé ẹsẹ̀ ti..."

Ó rí fìlà oníìyẹ́ ẹyẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n láti ọrùn títí dé àárín orí tó pá. Ó yí Bess padà kíá, ó fà á wọ abà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Effie dúró. Baron náà dúró, ó na etí.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alàgbà McQuarrie," ni Effie wí fún ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Gillies," ni ilẹ̀kùn dáhùn. "Ojú ọjọ́ dára lónìí."

"Ó dára. Mo mú Baron wá."

"Hẹn-ẹ́n. Ṣé ẹ ti gbin ọ̀dùnkún yín?"

"A ò tíì gbìn ín. Ṣé Bess ti..."

"Ilẹ̀ ṣì tutù jù fún ọ̀dùnkún!" ni Dugald pariwo láti inú abà. "Ilẹ̀ tutù gan-an! Ẹ bá mi kí Lachlan o!"

Effie dúró títí tí ojú fi ń ti òun pàápàá, ó fún Baron ní súìtì kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdé, ó dé ọ̀dọ̀ Angus àti Neil Tuer, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọn ò láya. Kò rí ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá. Ajá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà abà, ó gbójú sókè sí àjà tí wọ́n ń kó koríko sí, ó ń ju ìrù. Koríko ń já bọ́ láti òkè díẹ̀díẹ̀.

Effie bá ajá sọ̀rọ̀. "Bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá ẹ pé Baron wá kí wọn."

Lókè, Neil sín.

"Pẹ̀lẹ́," ni Angus wí.

Archie Lamont gbìyànjú ju àwọn yẹn lọ ní Wẹ́sìdé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó dojú kọ ọ̀nà, ó ń bá igi géètì sọ̀rọ̀. "Abo ẹṣin wa ò sí nílé, Ìyáàfin Gillies."

"Ibo ló lọ?"

"Ó... ó lọ kí èèyàn."

Láti inú abà, abo ẹṣin yán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ fi fò. Baron náà dá a lóhùn.

"Ta nìyẹn?" ni Effie bi í.

"Màlúù ni," ni Archie dáhùn.

Effie wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wù ú kó rẹ́rìn-ín, ó sì wù ú kó sunkún. Kò ṣe èyíkéyìí níbẹ̀.

Bó ti padà délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Lachlan bi í pé, "Báwo ni?"

"Baron rìn dáadáa."

"Ó ṣiṣẹ́?"

"Mo ní ó rìn."

Lachlan kọjú sí ògiri. "Jẹ́ kó lọ, Effie. Ó kéré tán, Hector mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹṣin."

Effie lọ sí abà, ó fi orí ti ọrùn Baron. Ó rántí ìgbà tí ẹṣin ńlá yìí kò ga ju tábìlì lọ, tó máa ń jẹ etí épírọ́ọ̀nù rẹ̀ bí wàrà bá pẹ́. Ó sì ń rò ó pé bí Rennie bá fà á kọjá níwájú fèrèsé yìí ní Sátidé, kọ́tìnì tí òun máa fà lọ́jọ́ náà, òun ò mọ ìgbà tí òun tún máa ká a sókè.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ọ̀nà tó wà nínú káàdì gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Effie rí kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n tò síbẹ̀, ó wá rántí pé ọjọ́ tí àwọn obìnrin ìjọ máa ń pàdé láti rán kúbùsù alábùlẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó dúró. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ló ń lé àwọn ọkùnrin wọ abà? Ṣé ẹṣin ni? Wọn ò sá fún ẹṣin rí. Èmi ni. Àwọn wo wá ni kò ní sá fún mi?

Ó so Baron mọ́ igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọlé.

Yàrá náà kò ní kọ́tìnì. Bí àwọn obìnrin ṣe gbọ́ pátákò Baron báyìí, wọ́n ti tú kúbùsù kúrò lórí férémù igi tí wọ́n nà án sí, mẹ́rin nínú wọn na ọwọ́ sókè, wọ́n fi bo fèrèsé. Inú òkùnkùn ni Effie bá wọn, abẹ́rẹ́ ṣì ń rọ̀ dirodiro lára aṣọ.

"Ẹ káàsán o."

"Káàsán, Effie," ni Marget McQuarrie, ìyàwó alàgbà, dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "À ń wò ó bóyá aṣọ yìí á gba ojú fèrèsé."

"Ó gbà á dáadáa. Ẹ̀yìn igi ló wà, ẹ ò ní rí i."

Wọ́n sọ kúbùsù kalẹ̀, wọ́n sì ń tún un so. Wọ́n fún Effie ní abẹ́rẹ́.

"Mò ń bá Baron rìn lọ́sẹ̀ yìí," ni Effie wí níkẹyìn. Ojú rẹ̀ wà lára aṣọ tó ń rán. "Gbogbo àwọn ọkùnrin ló ń sá fún mi. Bí ò bá ṣiṣẹ́ kó tó di Sátidé, Baron á kúrò lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ Hector Rennie ló máa lọ."

Gbogbo ojú yí sí Christina Rennie tó jókòó sí igun férémù.

"Ohun tó sọ fún mi ni pé òun fẹ́ ran Lachlan lọ́wọ́," ni Christina wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Èmi ni mo sì fi jáàmù rán an!"

Marget fi òwú sẹ́nu, ó gé e. "Dugald wà nínú abà ní Mọ́ńdè títí wọ́n fi fún wàrà màlúù. Ó ní òun ń tún ìjánu ṣe. Ìjánu wà lórí tábìlì mi nílé."

Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Lamont bojú. "Archie sọ fún mi pé Effie Gillies ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹṣin àti màlúù."

Ẹ̀rín bú yàrá. Lẹ́yìn tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n tún tẹjú mọ́ aṣọ, nítorí wọ́n ti sún mọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n sún mọ́.

Effie ki ọwọ́ sínú àpò, ó yọ káàdì kan. Kò lè gbé e sórí aṣọ tí wọ́n máa fi tọrẹ àánú. Ó fi sábẹ́ kúbùsù, ó tì í sí ẹsẹ̀ Marget. Marget ń wo àjà ilé, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti káàdì náà sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ìpolówó Baron ṣe yí férémù náà ká, láti orúnkún dé orúnkún, tí obìnrin kọ̀ọ̀kan sì ń sọ abẹ́rẹ́ nù nígbà tó bá kàn án.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni," ni Ìyáàfin Lamont wí fún àjà ilé. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ìwà rẹ̀ dáa ju ti ọkọ mi lọ."

"Wọn ò kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́," ni Marget wí. "Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Ti Sultan yẹn wọ́ sínú lápá ọ̀tún."

"Marget," ni Christina wí, "báwo lo ṣe mọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Sultan?"

Marget McQuarrie, ìyàwó alàgbà, ranjú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ihò kan wà lára kọ́tìnì wa," ni ó wí. "Kòkòrò ló jẹ ẹ́."

"Ó jẹ tiwa náà," ni Ìyáàfin Lamont wí.

"Tiwa náà."

"Ó jẹ tiwa níbi tó ṣe déédéé ojú mi gan-an."

Christina gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Apá ọ̀tún ló wọ́ sí lóòótọ́," ni ó wí. "Mo ti sọ fún Hector. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé férémù ṣubú. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, Marget bọ́ irin tó fi ń bo ìka ìránṣọ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lórí aṣọ bí adájọ́. "Bàbá mi ló fi Bess fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Effie, bó bá di ọ̀la, mú Baron wá. Èmi ni màá mú Bess jáde."

"Dugald ńkọ́?"

"Dugald á wọlé," ni Marget wí. "Á fa kọ́tìnì."

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Ní Fúráìdé, Effie fa Baron wọ àgbàlá McQuarrie, Marget sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú Bess. Effie ń gbọ́ ohùn Dugald láti inú kíṣìnnì.

"Marget, kí ni mo fẹ́ máa ṣe nínú ilé lọ́sàn-án gangan?"

"Po bọ́tà!"

"Mi ò mọ̀ ọ́n pò!"

"Kọ Sáàmù nígbà náà!"

Kọ́tìnì bọ́ sílẹ̀, Dugald sì gbé Sáàmù kẹtàlélógún, ó gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá ṣẹlẹ̀ wẹ́rẹ́. Baron ò bínú, Bess ò tàpá, àwọn obìnrin méjèèjì sì di okùn mú láìwo ojú ara wọn. Nígbà tó parí, Marget ní, "Ó dára." Effie ní, "Ó dára gan-an." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Lamont, níbi tí Archie ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó ní kó wọlé. Marget tẹ̀ lé Effie dé ọ̀dọ̀ àwọn Tuer, torí pé wọn ò ní obìnrin nílé.

"Ṣé ká sọ̀ kalẹ̀ ni?" ni Angus béèrè láti orí koríko.

"Ẹ jókòó síbẹ̀!" ni Marget wí. "Ẹ dijú!"

"A ti dijú láti ìgbà tí a ti gbọ́ yín lẹ́nu géètì," ni Neil wí.

Effie padà délé, ó ń kọrin. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tó di Sátidé, Hector Rennie dé, okùn tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Effie wà nínú àgbàlá, ó ń fọ ẹsẹ̀ Baron. Wọ́n ti gbé Lachlan sórí àga létí fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Gillies. Mo wá mú Baron."

"Baron jáde lọ́sẹ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Rennie. Ó sì ṣiṣẹ́."

"Ta ló rí i yàtọ̀ sí ará ilé yìí? Mo dé ọ̀dọ̀ Dugald. Ó ní inú ilé ni òun wà, kọ́tìnì wà nílẹ̀, òun ò sì rí nǹkan kan. Archie ní òun ò rí nǹkan kan. Àwọn Tuer ní àwọn dijú."

Ọwọ́ Effie dúró nínú omi ọṣẹ. Kò rò ó dé ibẹ̀ yẹn. Gbogbo ọkùnrin ojú ọ̀nà ló ti wọlé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yọjú.

"Ẹ bi àwọn ìyàwó wọn," ni ó wí.

"Kí n bi wọ́n ní kí ni?"

"Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀."

"Kí n dúró níwájú Marget McQuarrie," ni Rennie wí, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, "kí n wá bi í pé ṣé Bess rẹ̀ ti... Ẹ gbà mí o! Mo ṣì fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú yìí."

Lachlan fi ọwọ́ lu férémù fèrèsé, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Effie. Mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí ẹnì kan kò òun lójú, a ò sì rí ẹnì kankan. Fún un."

Effie nu ọwọ́ sí épírọ́ọ̀nù. Ó tú okùn Baron. Ó dì í mú, kò sì lè nà án. Rennie náà ò wo ojú rẹ̀; pátákò ẹṣin ló ń wò.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí pátákò mìíràn fi dún lójú ọ̀nà. Christina Rennie wọlé, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fa Dolly, abo ẹṣin aláwọ̀ eérú tó máa ń fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Christina! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo mú Dolly wá."

"Fún kí ni?" ni Rennie béèrè kó tó rántí pé kò yẹ kó béèrè.

Christina kò yẹ̀. "Sultan ni bàbá Dolly, Hector. Kò sì lè lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Láti ọdún wo ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí Dolly bímọ fún mi? O ò jẹ́ mú un wá síbí, torí pé o ò fẹ́ kí aládùúgbò rí i pé ìyàwó ẹni tó ni Sultan ń fẹ́ ọmọ Baron. Ó dáa, èmi ti mú un wá."

Rennie wo Dolly, ó wo Baron tó ti gbé orí sókè, tó ń fọn imú. Òun ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró nínú àgbàlá láàárín obìnrin méjì, ojú rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ríbọ́ǹnù Baron.

Effie tún okùn dì mú dáadáa. "Ọ̀gbẹ́ni Rennie," ni ó wí, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lé adìyẹ, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé. Ẹ bá mi fa kọ́tìnì."

Ó wọlé. Kọ́tìnì bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì ṣì ṣí, Effie sì ń gbọ́ wọn bó ṣe ń fa Baron síwájú.

"Jókòó, Hector," ni Lachlan wí nínú òkùnkùn. "Ṣé o mọ̀ pé o ò lè sọ pé o rí nǹkan kan?"

"Kí ni mo fẹ́ rí? Kọ́tìnì wà nílẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó rí i nìyẹn o. Wá mú ẹṣin ẹ."

Baron fọn imú lẹ́ẹ̀kan sí i, Christina sì ń bá Dolly sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Lachlan," ni Rennie wí, "bí mo bá mú Baron lọ sílé mi lónìí, Christina á ní ṣebí òun rí i tí Baron àti Dolly..., á sì bi mí pé kí ló dé tí mo ní kò... Irú ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn. Mo sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ní tábìlì oúnjẹ!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá ni."

"Jẹ́ kí ẹṣin náà wà níbí." Rennie mí kanlẹ̀. "Kò sí nǹkan tí mo bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lé lórí."

"Kò sí," ni Lachlan wí.

Nínú àgbàlá, Effie fi ojú pamọ́ sí ọrùn Baron, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Christina rò pé ó ń sunkún, ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Lóòótọ́, ó ń sunkún díẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó so Baron, ó fún un ní súìtì tó kù nínú àpò rẹ̀, ó sì wọlé lọ ká kọ́tìnì sókè. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń ṣẹ́jú nínú ìmọ́lẹ̀. Rennie mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń yí i po.

"Ìyáàfin Gillies," ni ó wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, "Dolly yẹn... ṣé... ṣé gbogbo nǹkan lọ dáadáa?"

Effie wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Rennie," ni ó wí, "kò yẹ kí obìnrin máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níwájú ọkùnrin. Ṣé ẹ máa mu tíì?"